Ìṣirò Ṣáájú Ariwo: Àlàyé lórí Títo Áńpílífáyà fún Òde Àríyá ní Ògèrè Rẹ́mọ

Ìfáàrà

Ẹ̀bá òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ni ìlú Ògèrè wà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkẹ́nnẹ́, Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ibẹ̀ ni Josiah Òṣítẹ̀lú ti dá ìjọ Aládùúrà tí a ń pè ní Church of the Lord sílẹ̀ ní ọdún 1930. Láti ọdún 1937 sì ni àjọ̀dún Òkè Taborar ti ń kó èrò jọ síbẹ̀ ní oṣù kẹjọ. Bí a bá tún fi ìgbéyàwó àti ìsìnkú àgbà kún un, a ó rí i pé ìta gbangba ni èrò máa ń pé sí jù, níbi tí ohùn kò ti ní ògiri tí yóò gbà á dúró. Áńpílífáyà, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń sọ ohùn di ńlá, ni a fi ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ọwọ́ ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ni títò rẹ̀ sábà máa ń bọ́ sí. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ìṣirò kékeré, tí a lè fi Yorùbá kọ́ni, ni ó ń dá ẹ̀rọ àti ẹ̀mí sí.

Iṣẹ́ áńpílífáyà

Ẹ̀rọ yìí kì í ṣe àjèjì nínú orin wa. Láti nǹkan bí ọdún 1949 ni Àyìndé Bákàrè ti fi iná mọ́ gìtá jùjú. Ohùn tí ó ti míkísà jáde kò lágbára tó láti mi sípíkà. Áńpílífáyà a gba iná, a sì jẹ́ kí ohùn kékeré náà máa darí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ ọmọdé ṣe lè ṣí ẹ̀rọ omi tí ń tú yaayaa. Kì í dá agbára sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ìṣirò ómù

Ómù ni òṣùwọ̀n ìdènà tí sípíkà ń ṣe fún iná. Orúkọ Georg Ohm, ará Jámánì tí ó gbé òfin rẹ̀ jáde ní ọdún 1827, ni a fi pè é. Bí a bá so sípíkà 8 ómù méjì mọ́ ẹnu àbájáde kan náà, pupa sí pupa, dúdú sí dúdú, ìdènà wọn kò ní di 16. 4 ni yóò dà, nítorí pé ọ̀nà méjì ni iná ní báyìí. Bí ó bá jẹ́ mẹ́rin, ó di 2.

Ẹ jẹ́ kí a mú áńpílífáyà tí ń gbé 40 fólítì jáde. Bí a bá fi 40 sọ 40 di púpọ̀, tí a sì fi ómù pín in, wọ́ọ̀tì ni a ó rí. Ní 8 ómù, ó jẹ́ 200. Ní 4 ómù, 400. Ní 2 ómù, 800. Iná tí ń ṣàn yóò sì ti gòkè láti 5 sí 20 áńpíà. Bí a bá kọ ọ́ sí ẹ̀yìn áńpílífáyà pé 4 ómù ni òpin rẹ̀, ẹni tí ó so sípíkà mẹ́rin mọ́ ọn ti dáná sí i láìmọ̀.

Títàn àti pípa

Míkísà ni a ó kọ́kọ́ tàn, áńpílífáyà ni ìkẹyìn. Bí a bá ń pa wọ́n, áńpílífáyà ni àkọ́kọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìró gbàù tí míkísà ń pa nígbà tí iná bá wọ̀ ọ́ yóò di ńlá, yóò sì lu sípíkà. Ìsàlẹ̀ ni kí ohùn ti bẹ̀rẹ̀, kí a tó máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Bí iná pupa tí wọ́n ń pè ní kílíìpù bá ń tàn léraléra, ohùn ti kọjá ibi tí ẹ̀rọ lè gbé e dé, orí rẹ̀ sì ti gé. Ohùn tí orí rẹ̀ gé yìí ni ó sábà máa ń jó sípíkà kékeré tí ń gbé ohùn tín-ín-rín jáde, kódà bí wọ́ọ̀tì áńpílífáyà kò tó ti sípíkà. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Iná àti ilẹ̀

230 fólítì ni òṣùwọ̀n iná ìlò ilé ní Nàìjíríà. Bí ẹ̀rọ amúnáwá bá kéré, fólítì yóò máa wálẹ̀ nígbàkúùgbà tí ìlù ńlá bá dún, orí ohùn yóò sì tètè gé. Nítorí pé áńpílífáyà oríṣi àtijọ́ lè sọ nǹkan bí ìdajì iná tí ó gbà di ooru, wọ́ọ̀tì ẹ̀rọ amúnáwá gbọ́dọ̀ ju tirẹ̀ lọ dáadáa.

Èyí tí ó léwu jù ni gígé ẹsẹ̀ kẹta kúrò lára púlọ́ọ̀gì nítorí pé sípíkà ń kùn. Wáyà ilẹ̀ ni ẹsẹ̀ náà dúró fún. Bí a bá gé e, iná tí ó jò lè gba ara ẹni tí ó di máíkì onírin mú kọjá.

Àgbálọgbábọ̀

Ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970 ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọdé ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ilé iṣẹ́ ọ̀gá dííjè kò yẹ kí ó gbẹ́yìn. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tí ó bá lè sọ, ní èdè abínibí rẹ̀, ìdí tí 8 àti 8 fi di 4, kò ní jó ẹ̀rọ olówó ńlá fún ọ̀gá rẹ̀. Èyí tí ó sì mọ ìdí tí púlọ́ọ̀gì fi ní ẹsẹ̀ mẹ́ta yóò délé láyọ̀ lẹ́yìn òde.