Ohun Tó Ń Fa Ẹ̀fọn Sára Ènìyàn

Bí ènìyàn mẹ́ta bá jọ jókòó síta lálẹ́, ẹ̀fọn lè pa àwọn méjì tì, kó dojú kọ ẹnì kan ṣoṣo. "Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló dùn," làwọn tó kù máa ń wí. Ṣùgbọ́n abo ẹ̀fọn, tó ń wá ẹ̀jẹ̀ tí yóò fi yé ẹyin, kì í tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò kó tó yan ẹni tí yóò bà lé. Èémí, ooru ara àti òórùn ara ló ń tọ̀ wá. Èwo nínú wọn ló ń mú kó yan ẹnì kan ju ẹnì kejì lọ?

Ní Burkina Faso, ọtí làwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan fura sí. Nínú àyẹ̀wò tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2010, ọkùnrin 25 mu dolo, ìyẹn ọtí ọkà bàbà tó fara jọ bùrùkùtù. Ọkùnrin 18 mu omi lásán. Ẹnì kọ̀ọ̀kan jókòó sínú àgọ́, wọ́n sì fa afẹ́fẹ́ àgọ́ náà lọ sínú ọ̀pá oníhò kan tó pín sí méjì bí oríta. Apá kan gbé òórùn ènìyàn wá, èkejì gbé afẹ́fẹ́ ìta. Wọ́n tú ẹ̀fọn Anopheles, irú èyí tó ń kó ibà ranni, sílẹ̀, wọ́n ń wo ibi tí yóò yà sí. Wọ́n ṣe é kí oníkálukú tó mu tirẹ̀, wọ́n sì tún un ṣe lẹ́yìn tó mu tán.

Kí wá ni ti àwọn olómi? Àwọn gan-an ni òpó iṣẹ́ náà. Ká ní ọlọ́tí nìkan ni wọ́n yẹ̀ wò, ta ni yóò mọ̀ bóyá ọtí ló fa ẹ̀fọn, tàbí ilẹ̀ tó ń ṣú lọ, tàbí pípẹ́ tí ẹni náà pẹ́ nínú àgọ́? Gbogbo ìwọ̀nyí ló kan olómi. Ọtí nìkan ni kò kàn án.

Òórùn àwọn tó mu ọtí fa ẹ̀fọn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Omi kò yí nǹkan kan padà. Wọ́n wọn ooru ara àti èémí wọn pẹ̀lú. Kò sí èyí tó jẹ́ ìdí rẹ̀.

Ní New York, òórùn ara yìí náà ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Leslie Vosshall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọpinpin: wọ́n ní kí ènìyàn 64 wọ ìbọ̀sẹ̀ náílọ́ọ̀nù sápá kí òórùn wọn lè mọ́ ọn lára. Ìbọ̀sẹ̀ méjì ni ẹ̀fọn ń yàn láàárín wọn. Àwọn tí àwọn ásíìdì kan pọ̀ lára awọ wọn ló fẹ́ràn jù, bẹ́ẹ̀ ló sì rí fún ọdún mélòó kan.

Ẹ rántí àwọn olómi: bí ẹnì kan bá ń polówó ìpara tó ń lé ẹ̀fọn, ẹ bi í léèrè: àwọn tó fi òróró lásán para lálẹ́ ọjọ́ kan náà ńkọ́? Bí kò bá ní èsì, ẹ má rà á. Ẹ so nẹ́ẹ̀tì yín.