Lúùpù nínú Orin Orí Kọ̀ǹpútà

Lúùpù ni ègé orin kékeré tí kọ̀ǹpútà ń lù dé òpin, tó sì tún ń mú un láti ìbẹ̀rẹ̀ láìdánudúró. FL Studio, tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fi ń ṣe bíìtì ní Nàìjíríà, FruityLoops ni orúkọ rẹ̀ títí di 2003.

Bí ẹ bá ṣí i, àpótí 16 lẹ máa bá lórí ìlà kọ̀ọ̀kan: ìgbésẹ̀ ijó 4, ìpín 4 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ìgbésẹ̀ bá jẹ́ 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú àáyá 2 péré ni lúùpù náà gbà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìlù wa kò bá 16 mu. Ìlù agogo kan wọ́pọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó jẹ́ ìpín 12. Orí ìpín 1, 3, 5, 6, 8, 10 àti 12 ni wọ́n ti ń lù ú. Ẹni tó bá fipá kì í bọnú 16 ti ba ijó rẹ̀ jẹ́. Ẹ dín àpótí kù sí 12, kí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìpín 3. Ìṣẹ́jú àáyá 2 náà ni yóò gbà. Ìpín 12 tó kẹ́yìn yóò wá lé ìpín 1 bá, débi pé etí kò ní tètè mọ ibi tí lúùpù ti parí.

Ohun tí a fi àpótí kọ báyìí, àṣẹ lásán ni. Bí ẹ bá mú un yára, ìró rẹ̀ kò ní bàjẹ́. Ìró tí a gbà sílẹ̀ ló gba sùúrù. Bí ẹ bá nà án jù, yóò há. Bí ẹ bá gé e níbi tí ìgbì ìró ṣì ga, yóò máa dún “kẹ́” nígbàkigbà tó bá yípo. Ibi tí ìgbì bá ti kan òdo ni kí ẹ ti gé e, kí gígùn rẹ̀ sì bá iye ìgbésẹ̀ mu gẹ́lẹ́.

Èwo ló wá yẹ ká fi ṣe lúùpù? Àwọn onílù dùndún ti dáhùn tipẹ́: omele ń tún ohun kan náà lù, ìyáàlù ń sọ̀rọ̀. Ìyáàlù tí a fi ṣe lúùpù kò lè ki ẹnikẹ́ni, kò sì lè dá akọrin lóhùn. Ó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ nínú orin. Ẹ̀yin tó ń ṣe bíìtì, ẹ fi agogo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti omele ṣe lúùpù. Ṣùgbọ́n ẹ pe onílù wá sí sítúdíò, kó lu ìyáàlù fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀ orin dé òpin.