Ara Tí Àìsàn Mú Rù: Bí A Ti Ń Dá Agbára Rẹ̀ Padà

Nínú àwọn àìsàn tí ń mú ènìyàn rù, ikọ́ ife, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ikọ́ ẹ̀gbẹ, jẹ́ ọ̀kan tí ó burú púpọ̀. Ọkùnrin tí ó ti máa ń fa àwọ̀n láti inú òkun wọ inú ọkọ̀ láìsinmi lè di ẹni tí kò lè gbé garawa omi kan dé ìdí ààrò. Ẹ̀wù rẹ̀ a fẹ̀ jù ú lọ, egungun èjìká rẹ̀ a sì yọ síta.

Ọpẹ́ ni pé àìsàn yìí ní ìwòsàn ní òde òní. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀: òògùn a máa pa kòkòrò àrùn, ṣùgbọ́n kì í dá ẹran ara padà. Oúnjẹ àti iṣẹ́ ara tí a fi ìwọ̀n ṣe ni a fi ń dá ẹran ara padà. Èyí ni a fẹ́ ṣe àlàyé rẹ̀ fún ẹ̀yin ará wa ní Ùgbò, ní Màhìn, ní Ayétòrò àti ní gbogbo abúlé orí omi Ìlàjẹ, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí àti ẹ̀yin tí a ń kà á sí létí.

Ohun tí ń mú ara rù

Ikọ́ ife kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọ̀tá. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta ọdún 1882 ni Robert Koch, dókítà ará Jámánì, kéde pé òun ti rí kòkòrò tí ń fà á. Inú afẹ́fẹ́ ni kòkòrò náà ń gbà ràn láti ẹnu ẹni tí ń wúkọ́. Kì í ti inú àwo oúnjẹ ràn. Nígbà tí ó bá wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ara a máa gbóná, oúnjẹ kì í sì í wu aláìsàn jẹ. Bí oúnjẹ tí ń wọlé kò bá tó èyí tí ara ń lò, ara a bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara rẹ̀. Ó dà bí ilé orí omi tí igi ìdáná tán níbẹ̀, tí onílé wá ń yọ pákó ilẹ̀ ilé láti fi dáná. Ọ̀rá a lọ, iṣan apá, itan àti ẹ̀yìn a sì tẹ̀ lé e.

Oṣù 6 ni a ń lo òògùn ikọ́ ife tí ó wọ́pọ̀: oríṣi 4 fún oṣù 2 àkọ́kọ́, àti oríṣi 2 fún oṣù 4 tí ó kù. Ọ̀fẹ́ ni ìjọba ń fi òògùn náà fúnni ní ilé ìwòsàn tí a yàn fún un. Ewu tí ó tóbi jù ni pé, lẹ́yìn oṣù 2, ikọ́ a ti lọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ a ti yọ díẹ̀, aláìsàn a sì wí pé ara òun ti dá, a pa òògùn tì, a gba ojú òkun lọ. Kòkòrò tí ó ṣẹ́kù a tún pọ̀ sí i, ó sì lè di irú èyí tí òògùn náà kò ràn mọ́. Kí ara sanra kì í ṣe ẹ̀rí pé àrùn ti tán.

Sísanra yàtọ̀ sí agbára

Ní ọdún 1944 sí 1945, nígbà tí ogun àgbáyé kejì ń parí lọ, onímọ̀ kan ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà, Ancel Keys, fẹ́ mọ bí a ó ti ṣe ìtọ́jú àwọn tí ebi ogun ti pa. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin 36 yọ̀ǹda ara wọn fún un. Fún ọ̀sẹ̀ 24 ni wọ́n fi jẹ oúnjẹ tí kò tó wọn, tí wọ́n sì ń rìn púpọ̀, títí wọ́n fi pàdánù nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n ara wọn.

Nígbà tí a tún bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ wọn, a rí ẹ̀kọ́ méjì kọ́. Èkíní, fítámì kò ṣe àǹfààní tí ó hàn níwọ̀n ìgbà tí oúnjẹ gan-an kò bá pọ̀ tó. Èkejì, ọ̀rá ni ó kọ́kọ́ padà sí ara wọn. Iṣan àti agbára kò tètè dé. Nítorí náà, bí a bá rí ẹni tí ikùn àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti kún, kí a má ṣe rò pé apá rẹ̀ ti ṣetán láti fa àwọ̀n.

Iṣẹ́ tí a fi ìwọ̀n ṣe

Kí òògùn ikọ́ ife tó wà, ìsinmi ni ìtọ́jú tí àwọn dókítà mọ̀ jù. Aláìsàn a dùbúlẹ̀ fún oṣù púpọ̀, ara rẹ̀ a sì rọ. Láti ọdún 1905 ni dókítà Marcus Paterson, ní ilé ìtọ́jú Frimley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ọ̀nà mìíràn. Ó mú kí àwọn tí ara wọn kò gbóná mọ́ máa rìn, níwọ̀nba lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní ọ̀nà jíjìn. Ẹni tí ó bá lè rìn dáadáa a bẹ̀rẹ̀ sí í ru agbọ̀n. Lẹ́yìn agbọ̀n ni ọkọ́ kékeré, lẹ́yìn náà ọkọ́ ńlá. Iṣẹ́ náà kò pa kòkòrò àrùn, ìdí tí Paterson fi rò pé ó ń wo àrùn náà kò sì tọ̀nà. Ṣùgbọ́n àkàsọ̀ tí ó fi lélẹ̀ dára títí di òní. Iṣẹ́ ni ó ń sọ fún ara pé iṣan gbọ́dọ̀ wà; oúnjẹ ni ó ń pèsè ohun tí a fi ń kọ́ ọ; ìgbà ìsinmi àti oorun sì ni kíkọ́ rẹ̀ ń wáyé.

Àwa náà lè fi iṣẹ́ orí omi ṣe àkàsọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ara bá ń gbóná tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá ń bá ikọ́ jáde, kí ó sì gba àṣẹ lọ́wọ́ olùtọ́jú rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Àkọ́kọ́: kí ó máa jókòó lórí àga, kí ó sì dìde, ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Kí ó máa rìn lórí afárá pákó láti ilé kan dé èkejì, kí ó sì padà.

Èkejì: kí ó fi ọwọ́ kọ̀ọ̀kan gbé ìgò omi lítà 1, èyí tí í ṣe kílò 1, sókè ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Kí ó jókòó tún àwọ̀n ṣe.

Ẹ̀kẹta: kí ó fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ kékeré tí kò ní ẹrù, lórí omi tí ó dákẹ́, pẹ̀lú ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ó máa pààrọ̀ apá, kí èjìká méjèèjì lè le dọ́gba.

Ẹ̀kẹrin: kí ó gbé kẹ́ẹ̀gì lítà 4, kí ó gbọ́n omi inú ọkọ̀, kí ó sì fa àwọ̀n kékeré.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni òkun kàn, fún ìgbà kúkúrú, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Bí kò bá lè sọ̀rọ̀ nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ náà ti pọ̀ jù. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kí ó padà sí ìpele tí ó ṣáájú. Kí ó fi ọjọ́ kan sinmi láàárín ọjọ́ méjì tí ó bá gbé ohun wíwúwo. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi.

Oúnjẹ àti ìtọ́jú ilé

Ọlọ́run fi ohun tí ń kọ́ ara sí ẹnu ọ̀nà wa: ẹja àti edé. Ṣùgbọ́n bí a bá kó gbogbo ẹja tí ó dára lọ sí ọjà Igbókòdá, tí a sì gbé púpurú pẹ̀lú ọbẹ̀ tí kò ní ẹja síwájú aláìsàn, kí ni ara rẹ̀ yóò fi kọ́ iṣan? Kí a fi ẹja, ẹyin tàbí ẹ̀wà sí oúnjẹ rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí kò bá lè jẹun púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ó jẹ díẹ̀ díẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Owó tí a ń ná sórí ìgò òògùn ẹ̀jẹ̀ yóò wúlò ju bẹ́ẹ̀ lọ bí a bá fi ra ẹyin.

Kí ó jìnnà sí ògógóró, nítorí pé òun àti òògùn ikọ́ ife lè jọ ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Kí ó má ṣe jókòó sínú èéfín níbi tí a ti ń yan ẹja. Bí ìtọ̀ rẹ̀ bá pọ́n, kí ó má bẹ̀rù; òògùn ni ó fà á. Ṣùgbọ́n bí ojú rẹ̀ bá pọ́n bí àtàrí epo tàbí tí ó di àwọ̀ ìyeyè, kí ó yára lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó lọ fún àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ń rù láìmọ ìdí rẹ̀, bí kò tilẹ̀ wúkọ́, kí ó lọ fún àyẹ̀wò pẹ̀lú, nítorí pé àtọ̀gbẹ àti àwọn àìsàn mìíràn ń mú ènìyàn rù.

A tún bẹ ẹ̀yin tí ẹ ni ọkọ̀ àti àwọ̀n. Bí ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ yín bá wà lórí òògùn, ẹ má ṣe lé e, ẹ má sì ṣe kán an lójú láti padà sí òkun. Ẹ fún un ní àwọ̀n tún ṣe, kí ẹ sì bu ẹja fún un. Ẹni tí a bá ní sùúrù fún ní oṣù 6 lè bá yín fa àwọ̀n fún ọdún púpọ̀. Ẹni tí a bá sì kán lójú lè má fà á mọ́ láéláé.