Kílọ́ìdì: Bí Wọ́n Bá Gé E, Kí Ni Wọ́n Fi Tì Í?

Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ bíi kóró kékeré kan lẹ́yìn etí, níbi tí ẹ̀yìn yẹtí ń kàn. Á máa yún ni. Nígbà tí yóò fi tó oṣù mélòó kan, ó ti tó ẹ̀pà, ó ti le, ó ń dán. Ojú egbò ti jinná tipẹ́, àpá ni kò dúró.

Bí awọ bá ya, ara a máa fi èròjà kan tí wọ́n ń pè ní kọ́lájìn dí ojú rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, iṣẹ́ náà a tó àyè kan, a dáwọ́ dúró. Láàárín ọdún kan sí méjì, àpá a rọ̀, a sì fẹlẹ̀. Lára ẹni tó ní kílọ́ìdì, kì í dáwọ́ dúró. Ó ń kọjá ojú egbò wọ inú awọ tí nǹkan kan ò ṣe. Ohun tó fi yàtọ̀ sí àpá tó kàn wú nìyẹn, torí àpá tó kàn wú kì í kọjá ojú egbò, ó sì lè fúnra rẹ̀ lọ sílẹ̀.

Àwa aláwọ̀ dúdú ló ń bá fínra jù, ó sì máa ń rìn nínú ìdílé. Kì í ṣe àjèjì sí wa: ní 1973, oníṣègùn P. Omo-Dare kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé àtìgbàdégbà ẹgbẹ́ àwọn dókítà aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, lórí ohun tí Yorùbá ti mọ̀ nípa rẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn ni kí wọ́n gé e. Ibẹ̀ gan-an ni owó ti ń ṣòfò. Gígé fúnra rẹ̀, egbò tuntun ni. Bí wọn ò bá fi ìtọ́jú mìíràn tì í, ìwádìí fi hàn pé kílọ́ìdì ń padà wá lára èèyàn 45 sí 100 nínú 100, nígbà mìíràn ó máa ń tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Abẹ́rẹ́ ni ọ̀pọ̀ dókítà awọ ara fi ń bẹ̀rẹ̀. Triamcinolone, tó jẹ́ oògùn sítẹ́rọ́ìdì, ni wọ́n ń gún sínú àpá náà gan-an, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà síra. Ó ń dunni o, torí àpá tó le kì í tètè gba oògùn. Ìyún ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ, kí àpá tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ṣùgbọ́n ó lè sọ ibẹ̀ di funfun, ó sì lè mú kí awọ jìn wọlé. Ẹ má gbà kí ẹni tó ń ta oògùn lásán gún un fún yín. Àwọn dókítà kan ń po triamcinolone yìí mọ́ oògùn mìíràn tó ń jẹ́ fluorouracil. Bí wọ́n bá sì gé èyí tó wà létí, yẹtí tó ń tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀ lè ràn án lọ́wọ́. Fún èyí tó lágídí, wọ́n lè lo ìtànṣán láàárín ọjọ́ kan sí méjì lẹ́yìn gígé.

Fún àpá tuntun, bíi ti iṣẹ́ abẹ ìbímọ, bébà síílíkónì wà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn tí egbò bá ti jinná: wákàtí 12 ó kéré tán lójúmọ́, fún oṣù méjì sí mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ooru tiwa, òógùn a máa ṣí i kúrò. Èyí tó jẹ́ jẹ́ẹ̀lì lójú tèmi sàn díẹ̀.

Ojú irorẹ́ tó jìn kòtò, ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ tàbí lésà ni wọ́n sábà ń lò. Ẹ bi wọ́n irú lésà tí wọ́n ní: Nd:YAG tó jẹ́ 1064 nanomita kì í tètè jó awọ dúdú bí ọ̀pọ̀ àwọn yòókù. Fítámì E tí wọ́n ń fún látinú kápúsù sójú àpá kò ní ẹ̀rí tó dúró, ó sì ń mú ara àwọn kan sú.

Ní ti etí lílù, ìwádìí kékeré kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2005 rí i pé àwọn tó lu etí lẹ́yìn ọmọ ọdún 11 ni kílọ́ìdì ń yọ lára jù. Àṣà wa tí a fi ń lu etí ọmọbìnrin ní kékeré kò burú níbẹ̀ yẹn. Ihò kejì àti ẹ̀kẹta tí wọ́n ń lù nígbà tí wọ́n bá dé yunifásítì ló yẹ kí ẹni tí ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kílọ́ìdì rò lẹ́ẹ̀mejì.