Liaoning: Ilé Irin Tí Ó Ta Ọmọ Rẹ̀ Jẹ

Bí ènìyàn bá dìde ní Beijing, olú-ìlú ilẹ̀ Ṣáínà, tí ó kọjú sí àríwá ìlà-oòrùn, tí ó sì gba ibi tí Odi Ńlá ilẹ̀ náà ti kan òkun kọjá, yóò wọ ìpínlẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Liaoning, ilẹ̀ tí ọ̀gìnnìtìn rẹ̀ máa ń sọ omi odò di gbagidi bí òkúta, ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ kún fún irin àti èédú, bí ẹni pé Ògún Lákáayé, ọ̀sìn imọlẹ̀, fúnra rẹ̀ ni ó lọ pàgọ́ síbẹ̀. Ní Anshan ni wọ́n ti ń yọ́ irin, ní Fushun ni wọ́n ti ń wa èédú, ní Shenyang tí í ṣe olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń rọ ẹ̀rọ tí àwọn ìlú yòókù fi ń ṣiṣẹ́. Nítorí pé láti agbègbè yìí ni ọ̀pọ̀ irin tí wọ́n fi tún orílẹ̀-èdè náà kọ́ lẹ́yìn ọdún 1949 ti ń wá, àkọ́bí ọkùnrin orílẹ̀-èdè ni àwọn ará Ṣáínà ń pè é, èyí tí àwa ìbá pè ní Dáwódù. Gbogbo ẹni tí a bí sínú agbo ilé ńlá ni ó sì mọ̀ pé bí Dáwódù ti ní ọlá, bẹ́ẹ̀ náà ni ó ní ẹrù ní orí.

Ìtàn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí ilẹ̀ irin yìí bí ni mo fẹ́ sọ. Ẹgbẹ́ Liaoning ni ó kọ́kọ́ gba ife ẹ̀yẹ gbogbo Éṣíà wá sí ilẹ̀ Ṣáínà, òun ni ó jẹ gàba lórí bọ́ọ̀lù ilẹ̀ náà fún ọdún mẹ́wàá gbáko, òun náà ni ó sì kú ní ọdún 2020, kì í ṣe nítorí pé kò rí ọmọ tí ó mọ bọ́ọ̀lù í gbá mọ́, bí kò ṣe nítorí pé kò rí owó oṣù san fún wọn.

Ọdún 1953 ni wọ́n ka ìbí ẹgbẹ́ náà sí. Ní ayé ìgbà náà, kò sí ohun tí ń jẹ́ olówó ẹgbẹ́ ní Ṣáínà. Ìjọba ìpínlẹ̀ ni bàbá, ìjọba ìpínlẹ̀ ni ìyá. Àwọn olùkọ́ a máa wo àwọn ọmọdé ní ilé-ìwé, wọn a ṣa àwọn tí ẹsẹ̀ wọn yá, wọn a kó wọn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ eré ìdárayá, níbi tí wọn yóò ti máa jẹun pọ̀, tí wọn yóò ti máa sùn pọ̀, tí wọn yóò sì máa ṣe ìdánrawò láti òwúrọ̀ títí di àṣálẹ́. Ẹni tí ó bá sì yege nínú wọn, ìjọba a máa san owó oṣù fún un bí ó ti ń san án fún akọ̀wé àti fún òṣìṣẹ́ ilé irin. Agbábọ́ọ̀lù kan kì í ṣàdédé fi ìpínlẹ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ lọ gbá bọ́ọ̀lù fún òmíràn, nítorí náà ìpínlẹ̀ tí ó bá mọ ọmọ í tọ́ ni yóò jayé orí rẹ̀. Ní ti ọmọ títọ́ yìí, Liaoning kò ní akẹgbẹ́. Afẹ́fẹ́ dídì kò jẹ́ kí ọ̀lẹ dúró ní pápá, àwọn ọmọ awakùsà àti ọmọ alágbẹ̀dẹ sì ti bá agbára pàdé nínú ilé bàbá wọn kí wọ́n tó bá a pàdé níwájú kóòṣì.

Ní ọdún 1978 wọ́n gba ife líìgì ilẹ̀ Ṣáínà. Ní 1984 wọ́n gba ife ẹ̀yẹ ti àjọ bọ́ọ̀lù, wọ́n sì tún gbà á ní 1986. Líìgì ti 1985 di tiwọn, ti 1987 àti 1988 tẹ̀lé e, nígbà tí ó sì di 1990, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbà á lọ́dọọdún láìfi ọdún kan fò títí di 1993. Gbogbo àpapọ̀ líìgì tí wọ́n gbà jẹ́ mẹ́jọ, àwọn olólùfẹ́ wọn sì máa ń pe sáà láti 1984 sí 1993 ní sáà adé mẹ́wàá. Fu Yubin wà ní ẹnu ilé bí ìlẹ̀kùn irin, Ma Lin wà níwájú bí ọfà tí ó ti kúrò lọ́rún, Tang Yaodong sì wà láàárín tí ń pín bọ́ọ̀lù bí ìyá ọlọ́mọ ti ń pín oúnjẹ.

Ṣùgbọ́n ibi tí ògo náà gbé ga jù ni oṣù kẹrin ọdún 1990. Ìdíje àwọn ẹgbẹ́ tí ó gba líìgì ní gbogbo Éṣíà ti dé òpin, ó ku Liaoning àti ẹgbẹ́ Nissan ti ìlú Yokohama ní ilẹ̀ Jàpáànì, ẹgbẹ́ tí ilé iṣẹ́ tí ń ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ náà ń bọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ní láti pàdé, ẹ̀ẹ̀kan ní ilé oníkálukú. Ní Yokohama, lójú onílé, Liaoning fi ayò méjì sí ẹyọ kan na Nissan. Nígbà tí wọ́n padà dé Shenyang, wọ́n ta ọ̀mì ẹyọ kan sí ẹyọ kan, ife náà sì di ti Liaoning. Kò sí ẹgbẹ́ Ṣáínà kankan tí ó gba irú rẹ̀ rí, ó sì di ọdún 2013 kí ẹgbẹ́ Guangzhou tó tún gbé irú ife bẹ́ẹ̀ wọ ilẹ̀ náà. Ní 1991 àwọn Liaoning tún dé ìparí ìdíje kan náà ní Dhaka, olú-ìlú Bangladesh, ṣùgbọ́n Esteghlal ti ilẹ̀ Ìránì fi ayò méjì sí ẹyọ kan gba adé lórí wọn.

Ayé ń lọ, à ń tọ̀ ọ́. Ní ọdún 1992 àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Ṣáínà pàdé ní Hongshankou, ní Beijing, wọ́n sì pinnu pé bọ́ọ̀lù yóò di iṣẹ́ òòjọ́, pé ilé iṣẹ́ ńláńlá yóò máa gbọ́ bùkátà àwọn ẹgbẹ́, àti pé a ó máa ra agbábọ́ọ̀lù, a ó sì máa tà á. Líìgì tuntun náà bẹ̀rẹ̀ ní 1994. Dalian, ìlú etí òkun tí ó wà nínú ìpínlẹ̀ Liaoning kan náà, rí ilé iṣẹ́ Wanda tí ń kọ́ ilé tà fẹ̀yìn tì, ó sì gba líìgì àkọ́kọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n tí ó wà ní Shenyang kò rí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ìgbà yìí gan-an ni ilé irin àti ilé ẹ̀rọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní agbègbè náà bẹ̀rẹ̀ sí kógbá sílé. Àwọn baálé ilé tí ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí iná ìyọ́rin gba ìwé pé kí wọ́n máa lọ sílé, èéfín sì dáwọ́ dúró lórí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ní àdúgbò Tiexi ní Shenyang, tí kì í dákẹ́ tẹ́lẹ̀. Dáwódù di ẹni tí ń wá ohun tí yóò jẹ. Báwo ni ẹgbẹ́ tí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ bí yóò ti ṣe yó? Ní òpin ọdún 1995, ọdún méjì péré lẹ́yìn adé tí wọ́n gbà kẹ́yìn, Liaoning já bọ́ sí ìpele kejì.

Ọdún mẹ́ta ni wọ́n lò nínú àfonífojì yẹn, ṣùgbọ́n ẹní bá mọ ọmọ í tọ́ kò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n gòkè padà, wọ́n wọ líìgì ọdún 1999 pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́langba tí àwọn ará Ṣáínà sọ ní ọmọ ẹkùn Liaoning. Zhang Yin ni kóòṣì wọn. Li Tie wà láàárín, ẹni tí ẹ̀dọ̀ fóóró rẹ̀ kò mọ àárẹ̀; Li Jinyu, Zhang Yuning àti Qu Shengqing wà níwájú. Li Tie àti Li Jinyu wà lára àwọn ọmọdé tí ilé iṣẹ́ Jianlibao tí ń ṣe ọtí ẹlẹ́rìndòdò rán lọ sí ilẹ̀ Brazil láti ọdún 1993 kí wọ́n lè lọ mu bọ́ọ̀lù láti orísun rẹ̀. Àwọn ọmọ wọ̀nyí jà dé ọjọ́ tí líìgì parí, wọ́n sì wọ Beijing pẹ̀lú ìdánilójú pé bí àwọn bá ṣẹ́gun ẹgbẹ́ Guoan lọ́jọ́ náà, adé di tiwọn. Qu Shengqing gbá bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n, ilé dùn, ọ̀nà dùn. Nígbà tí eré ń lọ sí òpin, ọ̀dọ́mọkùnrin Guoan kan tí ń jẹ́ Gao Leilei dá a padà. Ọ̀mì ni wọ́n ta. Ẹgbẹ́ Luneng ti ìpínlẹ̀ Shandong fi máàkì kan ṣoṣo gba líìgì náà mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ìbá jẹ́ pé ìtàn yìí dúró síbẹ̀, à bá ní òwúrọ̀ lọjọ́, ọmọ ẹkùn yóò dàgbà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ti Liaoning yàtọ̀, nítorí pé ọmọ tí wọ́n kọ́ ni wọ́n ń tà kí ilé tí wọ́n kọ́ má baà wó. Nígbà tí àpò gbẹ, tí olówó ń wá tí olówó ń lọ, tí orúkọ ẹgbẹ́ sì ń yí padà bí ẹni tí ń san owó bá ti ń yí padà, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ní tí ọjà fẹ́ ni àwọn ọmọ wọn. Qu Shengqing gba Shanghai lọ. Ní 2004 Li Jinyu lọ sí Shandong, sí inú ilé tí ó gba adé lórí rẹ̀. Li Tie sọdá òkun ní 2002, ó lọ bá Everton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọmọ wa Joseph Yobo náà wọ̀ ní ọdún kan náà, tí àwọn méjèèjì sì jọ wọ aṣọ kan. Ìpínlẹ̀ náà yọ̀ pé ọmọ òun dé ibi gíga. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ta irúgbìn rẹ̀ láti fi ra oúnjẹ òní, kí ni yóò gbìn ní ọdún tí ń bọ̀? Ìyìn Li Tie pàápàá kò bá a kalẹ́, nítorí pé lẹ́yìn tí ó ti di kóòṣì orílẹ̀-èdè, ilé ẹjọ́ dá ẹ̀wọ̀n ogún ọdún fún un ní oṣù Kejìlá ọdún 2024 lórí ẹ̀sùn àbẹ̀tẹ́lẹ̀.

Àwọn ará Shenyang tún rí ọjọ́ ayọ̀ kan tí wọn kò ní gbàgbé. Ní ọjọ́ keje oṣù kẹwàá ọdún 2001, ní pápá Wulihe, orílẹ̀-èdè Ṣáínà fi ayò kan sí òdo na Oman, wọ́n sì pegedé fún Ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́. Bora Milutinović ni kóòṣì wọn, ẹni tí àwa Nàìjíríà kò lè ṣàìmọ̀, nítorí òun ni ó kó Super Eagles lọ sí Faransé ní 1998. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Síbẹ̀, ní oṣù kejì ọdún 2007, wọ́n fi àdó olóró bi pápá náà wó lulẹ̀. Ẹgbẹ́ Liaoning ní tirẹ̀ ti di alárìnkiri nínú ìpínlẹ̀ ara rẹ̀: ó gbá bọ́ọ̀lù ní Fushun, ó gbá a ní Jinzhou, ó gbá a ní Panjin, bí ọmọ onílé tí ń sùn káàkiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹbí.

Nígbà tí wọ́n ń jẹ́ Hongyun, wọ́n tún já bọ́ ní 2008, wọ́n gòkè ní 2009, nígbà tí ó sì di 2011, Ma Lin, ọfà ayé àtijọ́ tí ó ti di kóòṣì, kó wọn dé ipò kẹta. Lẹ́yìn náà ni owó rẹpẹtẹ ya wọ bọ́ọ̀lù Ṣáínà bí àgbàrá òjò, Liaoning náà sì gbìyànjú láti bá wọn lúwẹ̀ẹ́. Ní 2016 wọ́n ra Anthony Ujah, ọmọ Nàìjíríà, láti Werder Bremen ní Jámánì. Ẹ wo bí ayé ti ń yí: ilé tí ó ń ta ọmọ rẹ̀ wá ń fi owó ńlá ra ọmọ ọlọ́mọ! Ujah kò jẹ̀bi ohunkóhun, iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń ṣe. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ní 2017 wọ́n já bọ́, wọn kò sì gòkè mọ́. Gbèsè owó oṣù gun orí ara wọn, àwọn agbábọ́ọ̀lù ń ṣe ìdánrawò láìrí kọ́bọ̀, títí tí ó fi di ọjọ́ 23 oṣù karùn-ún ọdún 2020, tí àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Ṣáínà yọ orúkọ ẹgbẹ́ 11 kúrò nínú ìwé nítorí owó iṣẹ́ tí wọn kò san. Liaoning wà nínú wọn. Ẹni ọdún 67 sùn, kò jí mọ́.

Èrò ọkàn mi lórí ọ̀rọ̀ yìí ni pé a kò lè dá Liaoning lẹ́bi pé ó jẹ́ tálákà. Ayé ni ó yí padà mọ́ ọn lórí, ìdáhùn rẹ̀ sí ìyípadà náà ni ó pa á. Ohun tí ilẹ̀ náà ní tí Beijing àti Shanghai kò lè fi owó rà ni ọwọ́ tí ó mọ ọmọ í tọ́, ọwọ́ yẹn gan-an ni wọ́n sì fi sílẹ̀ láìbọ́ nígbà tí wọ́n ń sáré kiri láti wá olówó. Ẹgbẹ́ tí ó bá ní ọmọ, tí kò ní owó, lè ta ọmọ kan láti fi tọ́ méjì; ẹni tí ó bá ta méjì láti fi jẹun lónìí nìkan, òun ni ilé rẹ̀ ń dahoro.

Síbẹ̀, bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ẹgbẹ́ mìíràn ti dìde ní Shenyang, wọ́n sì sọ ọ́ ní Tieren, èyí tí ó túmọ̀ sí Ọkùnrin Irin. Ní ọdún 2025 ẹgbẹ́ náà gba ife ìpele kejì, ó sì pegedé láti bọ́ sí ìpele àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ àtijọ́ ti kúrò láti 2017. Ẹni tí ó dúró létí pápá gẹ́gẹ́ bí kóòṣì wọn ni Li Jinyu, ọmọ ẹkùn ọdún 1999 tí wọ́n tà sí Shandong, tí ó ti wá di àgbà báyìí, tí ó sì padà wá kọ́ ọmọ ní ilẹ̀ irin.