Ìlà àtẹ tí kò dọ́gba nínú Word: orúkọ ẹnìkan, owó ẹlòmíràn

Lónìí, ọ̀rọ̀ àtẹ la fẹ́ bá yín sọ, ìyẹn ohun tí gbogbo wa ń pè ní tableau. Ẹgbẹ́ pọ̀ láàárín wa: ẹgbẹ́ èésú, ẹgbẹ́ àwọn òbí akẹ́kọ̀ọ́, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó wà ní Kútọnu. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń tẹ orúkọ àti owó sínú Word, tí wọ́n á sì gbé e lọ sí ilé fọ́tòkópì. Tí ìwé bá jáde, ìlà kan ga, èkejì kúrú, òmíràn yọ síta bí eyín tó wọ́. Àwọn kan á ní ẹwà ìwé nìkan ló bàjẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlà tí kò dọ́gba lè gbé owó ẹnìkan sí iwájú orúkọ ẹlòmíràn, ẹ sì mọ̀ pé ìjà owó kì í tán bọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó léwu jù kọ́kọ́ sọ. Akọ̀wé ṣe àtẹ tó ní ìlà méjì péré, ti òkè fún àkọlé, ti ìsàlẹ̀ fún gbogbo èèyàn. Ó wá kó orúkọ mẹ́wàá sínú àpótí kan ṣoṣo, ó ń tẹ Entrée lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì kó owó mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sínú àpótí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bákan náà. Lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó gún régé. Àmọ́ ká ní orúkọ ẹni kẹta gùn, tó ní orúkọ àbísọ, orúkọ Mùsùlùmí àti orúkọ bàbá. Tí òpó àtẹ náà kò bá gbà á, apá kan orúkọ náà á já sí ìsàlẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo orúkọ tó kù á sún wálẹ̀, owó á sì dúró síbi tó wà. Ẹni kẹrin tó san 5000 sẹ́fà á wá dojú kọ owó ẹni karùn-ún. Ẹni kẹwàá ńkọ́? Kò ní sí owó kankan níwájú tirẹ̀, bí ẹni tí kò san nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ó san án o!

Nǹkan yìí tún lè má hàn nílé, kó jẹ́ ilé fọ́tòkópì ló ti máa ṣẹlẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà ibẹ̀ kò bá ní irú lẹ́tà tí ẹ lò, Word á fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Tí èyí bá sì fẹ̀ ju tiyín lọ, orúkọ tó gba ìlà kan tẹ́lẹ̀ á di méjì.

Nítorí náà, ìlà kan, èèyàn kan. Tí ẹ bá dé àpótí tó gbẹ̀yìn, ẹ tẹ Tab, ìlà tuntun á yọ fúnra rẹ̀. Fún ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ báyẹn tẹ́lẹ̀, ẹ da àwọn orúkọ náà kọ síta, nísàlẹ̀ àtẹ. Ẹ yàn wọ́n, kí ẹ lọ sí « Insertion », « Tableau », « Convertir le texte en tableau », kí ẹ fi òpó sí 1, kí ẹ sì ní kó pín in ní paragraphe. Ìlà mẹ́wàá á jáde. Ẹ fi òpó kan kún un lápá ọ̀tún fún owó. Owó náà, ẹ má dà á kọ láti inú àtẹ àtijọ́: ẹ tún un tẹ̀ láti inú káyé tí ẹ fi gba owó.

Ó ku ìlà tó ga ju ara wọn lọ. Ẹ tẹ àmì ¶ tó wà ní « Accueil ». Ẹ ó rí i pé ìlà tó ga sábà máa ń ní ¶ kan lẹ́yìn orúkọ. Ẹnìkan ló tẹ Entrée láìnídìí. Ẹ pa á rẹ́. Bí kò bá sí ¶ bẹ́ẹ̀, ẹ yan gbogbo àtẹ, kí ẹ wo « Espacement » ní « Mise en page », kí ẹ fi « Avant » àti « Après » sí 0. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó lọ sí « Disposition » ti àtẹ, kí ẹ tẹ « Distribuer les lignes ».

Ibì kan wà tí a kò fẹ́ kí ẹ fọwọ́ kàn rárá. Nínú « Propriétés du tableau », lábẹ́ « Ligne », wọ́n á bi yín bóyá gíga ìlà jẹ́ « Au moins » tàbí « Exactement ». Àwọn tó ń kánjú fẹ́ràn « Exactement » torí ó ń mú kí gbogbo ìlà dọ́gba lẹ́ẹ̀kan náà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí kò bá wọ inú gíga yẹn, ṣe ló máa pamọ́. Kò sọnù, ó wà nínú fáìlì, ṣùgbọ́n ẹ ò ní rí i lójú kọ̀ǹpútà tàbí lórí ìwé. « Au moins » ni kí ẹ mú.

Níbẹ̀ náà, ẹ yọ àmì tó wà níwájú « Autoriser le fractionnement des lignes sur plusieurs pages », kí ìlà kan má baà pín sí ojú ìwé méjì. Ẹ yan ìlà àkọlé, kí ẹ tẹ « Répéter les lignes d'en-tête », ó máa wà lókè ojú ìwé kọ̀ọ̀kan.

Ti ìlà tó yọ síta bí eyín, ọwọ́ ló fà á. Bí ẹ bá ti yan àpótí kan kí ẹ tó fa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àpótí yẹn nìkan ló máa sún. Ẹ tẹ Ctrl+Z, ẹ tẹ ibòmíràn kí ohunkóhun má wà ní yíyàn, kí ẹ tó tún un fà. Gbogbo òpó á tẹ̀lé e.

Ẹni tó ń lo LibreOffice á rí orúkọ bọ́tìnnì tó yàtọ̀ díẹ̀, iṣẹ́ kan náà ni. Kí ẹ tó gbé clé USB yín lọ sí ilé fọ́tòkópì, ẹ fi « Enregistrer sous » tọ́jú ìwé náà ní PDF. Èyí tí ẹ rí nílé ló máa jáde níbẹ̀.