Mọ̀lẹ́bí àti Ìbẹ̀rẹ̀ Àrùn Ọpọlọ ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Àwọn òbí ni òwe yìí ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe aláìsàn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àrùn ọpọlọ máa ń bẹ̀rẹ̀ lára ẹni tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tí ó ṣì ń gbé lọ́dọ̀ òbí tàbí ẹ̀gbọ́n. Kì í sùn lóru; a máa dá sọ̀rọ̀; a ní òun ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Ìfura rẹ̀ kì í sì í lọ jìnnà. Ìyá tí ó ń se oúnjẹ fún un ni ó lè sọ pé ó fi májèlé sí i, bẹ́ẹ̀ ìyá yìí kan náà ni yóò tọ́jú rẹ̀.

Ìbéèrè tí ilé kọ́kọ́ máa ń béèrè ni pé, ta ni ó ṣe é? Bí wọ́n bá pè é ní àfiṣe, ojú yóò lọ sára orogún ìyá tàbí arákùnrin bàbá. Bí wọ́n bá pè é ní ti ìdílé, ọ̀rọ̀ náà burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé àwọn àgbà máa ń wádìí wèrè, ẹ̀tẹ̀ àti wárápá nínú ìran kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìgbéyàwó. Nítorí àbúrò obìnrin tí kò tíì relé ọkọ ni ilẹ̀kùn fi máa ń wà ní títì. Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ kò ṣàì mọ ìgbà ìbẹ̀rẹ̀ yìí. Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tí ó ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta ní ìparí àwọn ọdún 1950, ṣe àkọsílẹ̀ wèrè aláṣọ, ìyẹn ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò tíì hàn sójú òde, àti asínwín, tí tirẹ̀ ń dé lójijì.

Ní Aró, Abẹ́òkúta, ní 1954, Thomas Adéoyè Lámbò sọ mọ̀lẹ́bí di ara ìtọ́jú. Aláìsàn ń gbé ní abúlé itòsí pẹ̀lú ó kéré tán ìbátan kan, tí ń se oúnjẹ rẹ̀, tí ń fọ aṣọ rẹ̀, tí ó sì ń mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ìwádìí ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án, àwọn aláìsàn Ìbàdàn àti ti Agra ní Íńdíà sàn ju ti Lọ́ńdọ̀nù lọ lẹ́yìn ọdún méjì. Àwọn onímọ̀ kan ti ta ko ìtumọ̀ tí wọ́n fún un; pé ẹbí pọ̀ nìkan kò tó àlàyé.

George Brown àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù fi hàn ní 1972 pé ìbáwí gbígbóná, ìkórìíra àti ìṣọ́ àṣọ́jù nínú ilé máa ń jẹ́ kí àrùn tún padà. Ní 1976, Vaughn àti Leff fi kún un pé ewu náà ga jù níbi tí aláìsàn àti irú ìbátan bẹ́ẹ̀ bá ń fojú kojú ju wákàtí 35 lọ lọ́sẹ̀. Ní Chandigarh, wọ́n bá irú ọ̀rọ̀ gbígbóná bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ìbátan tí ó kéré sí ti Lọ́ńdọ̀nù.

Ìmọ̀ràn pé kí wọ́n yàgò fún ara wọn ṣòro ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ ilé jẹ́ yàrá kọjúsími-n-kọjúsíọ. Ẹni tí ń báni wí àti ẹni tí wọ́n ń bá wí lè jọ sùn lórí ẹní kan, aládùúgbò sì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọjà nìkan ni ó ń là wọ́n. Ìyá a jáde ní òwúrọ̀ kùtù, a sì wọlé lálẹ́. Ara aláìsàn a fúyẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò rí i bóyá ó lo oògùn rẹ̀. Bí yàrá kò bá ṣe é fẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe é yí padà. Dókítà lè kọ́ ìyá àti ẹ̀gbọ́n pé ẹni tí kò lè dìde lówùúrọ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ.

Ilé ìwòsàn Yábàá, tí ìjọba ṣí ní 1907, ní ẹ̀ka kan ní Òṣòdì fún àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́. Òfin Ìlera Ọpọlọ tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 sì rọ́pò òfin wèrè ayé amúnisìn. Ìrìn náà kò jìn mọ́. Síbẹ̀, lọ́jọ́ tí ìyá bá tẹ̀lé ọmọ rẹ̀ lọ gba oògùn, ìsọ̀ rẹ̀ yóò wà ní títì, yóò sì ní láti sọ ohun tí ó tì í fún àwọn tí ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.